Èṣù, Sátánì àti Ìbéèrè Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ètò wa ti òní dá lórí àwọn ìbéèrè líle tí àwọn ènìyàn máa ń béèrè nípa ìgbàgbọ́ Kristiani àti nípa Bíbélì. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ pọ̀. Níbo ni Kéènì ti rí obìnrin fẹ́? Èéṣe tí ìtàn àjíǹde kò fi rí bákan náà nínú ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Ìbéèrè gidi ni wọ́n, ó sì yẹ kí á dáhùn wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí mo mú wá lónìí sún mọ́ ilé wa jù wọ́n lọ, nítorí pé inú èdè tí a fi ń ka Bíbélì náà ni ó ti hù jáde.

Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ọmọbìnrin kan. Okokomaiko ni ó yá yàrá sí, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́ ń gbé. Orúkọ ìdílé rẹ̀ ni Èṣùbíyìí. Ní ìpàdé àdúrà ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ fún un pé kí ó yí orúkọ náà padà, nítorí pé ọ̀tá Ọlọ́run ni ó ń yìn. Wọ́n ní kí ó máa jẹ́ Jésùbíyìí tàbí Olúbíyìí. Nígbà tí ó délé, ó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú baba rẹ̀. Baba dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, “Orúkọ tí baba mi fi lé mi lọ́wọ́ nìyẹn. Bí o bá pa á rẹ́, o ti pa èmi náà rẹ́.” Ọmọ wá kó ìdààmú rẹ̀ tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ: “Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá mi, ṣé Èṣù tí ó dán Jésù wò ní aginjù náà ni ó wà nínú orúkọ baba mi? Bí ó bá jẹ́ òun ni, irú ènìyàn wo ni baba ńlá mi? Bí kò bá sì jẹ́ òun, èéṣe tí Bíbélì mi fi pè é bẹ́ẹ̀?”

Ojú inú ni mo fi dá ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe àfinúdá. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò Èṣù nínú orúkọ wọn. Ní apá kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn onísìn ìbílẹ̀ àti àwọn onímọ̀ èdè ti ń kéde ní ọdún àìpẹ́ yìí pé Èṣù kì í ṣe Sátánì rárá. Ọ̀dọ́ tí ó bá gbọ́ ìhà méjèèjì yóò wo ojú olùkọ́ rẹ̀. Kí ni olùkọ́ yóò wí?

Ìdáhùn mẹ́ta ni ó rọrùn láti fún un, kò sì sí èyí tí ó dára nínú wọn. Èkíní ni kí á bá a wí pé onígbàgbọ́ kì í béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ọmọ yóò dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò ní dákẹ́ nínú rẹ̀. Èkejì ni kí á sọ pé kò sí ìyàtọ̀ kankan, pé ọ̀kan náà ni Èṣù àti Sátánì, kí ó lọ yí orúkọ rẹ̀ padà kíákíá. Ẹ̀kẹta ni kí á sọ pé àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì parọ́, nítorí náà kí ó gbé Bíbélì jù sí apá kan. A ó rí i pé ìmọ̀ kò gbe èyíkéyìí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ẹni tí ó túmọ̀ ìwé náà. Ìtàn rẹ̀ kò jìnnà sí àdúgbò wa. Ẹni tí ó bá dúró ní Okokomaiko tí ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn lórí títì ńlá yẹn, Àgbádárìgì ni títì náà ń gbé e lọ. Àgbádárìgì ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí ní 1842. Ibẹ̀ náà ni Samuel Ajayi Crowther dé ní oṣù January 1845. Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12 nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown. Ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Ní 1843 wọ́n fi í jẹ àlùfáà, ọdún náà sì ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, ó fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti pínyà. Ní 1850 ni ìtumọ̀ ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù jáde. Ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní 1884 ni odidi Bíbélì parí ní èdè Yorùbá, Crowther sì kú ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ọdún 1891.

Mo ka àwọn ọdún wọ̀nyí kí ẹ lè rí ohun kan. Kì í ṣe àjèjì tí kò mọ ilẹ̀ wa ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í ṣe ẹni tí ó dàgbà ní ìdí òrìṣà. Ọmọ tí wọ́n já kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ní kékeré ni, ẹni tí ó tún padà wá kọ́ èdè ìyá rẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, tí ó fi ojú Kristiani wo ohun tí wọ́n ń bọ.

Iṣẹ́ wo ni ògbufọ̀ ń ṣe? Yóò wá ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì rán an ní iṣẹ́ tuntun. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù tí a ń lò nínú ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni Yorùbá ti kọ́kọ́ gbọ́ wọn, kí ìjọ Kristiani tó tẹ̀dó sí ilẹ̀ wa. Ògbufọ̀ yá wọn lò, kò sì sí ẹni tí ó ń bínú. Bákan náà, nínú Orin Dáfídì kọkànléláàádọ́ta, níbi tí onísáàmù ti sọ pé òun yóò funfun ju òjò dídì lọ, ẹ̀gbọ̀n òwú ni ògbufọ̀ Yorùbá kọ sílẹ̀, nítorí pé ojú wa mọ òwú. Èyí dára. Òwú kò ní ẹbí tí yóò sọ pé wọ́n ba orúkọ òun jẹ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ nawọ́ mú jẹ́ orúkọ tí ó ní olówó. Ó ní ojúbọ, ó ní àwọn tí ń bọ ọ́, ó sì ní àwọn ọmọ tí a fi sọ lórúkọ. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ta ni Èṣù ní ọ̀dọ̀ àwọn baba wa? Òun ni oníṣẹ́ láàárín àwọn òrìṣà àti ènìyàn. Òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, nítorí náà ni wọn kì í fi í bọ òrìṣà mìíràn kí wọ́n má yọ tirẹ̀ sọ́tọ̀. Oríta ni ilé rẹ̀. Ó ń ṣọ́ ẹni tí ó rúbọ àti ẹni tí kò rú. Ó lè tan ènìyàn, ó lè dá ìjà sílẹ̀: gbogbo wa ni a mọ ìtàn ọ̀rẹ́ méjì tí ó gba àárín oko wọn kọjá pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ méjì, títí àwọn ọ̀rẹ́ náà fi lu ara wọn. A kò gbọdọ̀ fi oyin bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Àwọn baba wa bẹ̀rù Èṣù, wọ́n sì máa ń bẹ̀ ẹ́ kí ó má ṣe ọmọ àwọn. Síbẹ̀, wọn kò fìgbà kan sọ pé ó ń bá Olódùmarè jagun. Ìránṣẹ́ ni wọ́n kà á sí, wọn kò kà á sí ọlọ̀tẹ̀.

Kì í ṣe onísìn ìbílẹ̀ nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, ọmọ Ìkòròdú ní ìpínlẹ̀ Èkó wa yìí, tí ó di olórí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Nàìjíríà ní 1972, kọ ìwé lórí Olódùmarè tí ó jáde ní 1962. Nínú ìwé náà ó sọ ọ́ gbangba pé Èṣù àwọn Yorùbá kì í ṣe ẹni burúkú inú Májẹ̀mú Titun. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni ó sọ ọ́, ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Ó wá ku apá kejì: ta ni Sátánì nínú Bíbélì? Àwọn tí ń jiyàn kì í sábà dúró béèrè èyí. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ẹnìkan. Alátakò ni ìtumọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó dìde lòdì sí ènìyàn. Nínú ìtàn Báláámù, ní Númérì orí kejìlélógún, áńgẹ́lì Olúwa fúnra rẹ̀ ni ó dúró lójú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí alátakò, ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni Hébérù sì lò fún áńgẹ́lì náà. Nínú ìwé Jóòbù, alátakò náà wá láàárín àwọn ọmọ Ọlọ́run, ó jíhìn ìrìn rẹ̀ lórí ilẹ̀ ayé, ó sì gba àṣẹ kí ó tó fọwọ́ kan Jóòbù. Ẹ tún wo Sámúẹ́lì Kejì orí kẹrìnlélógún: ó sọ pé ìbínú Olúwa ni ó ti Dáfídì láti ka àwọn ènìyàn. Nígbà tí ẹni tí ó kọ Kíróníkà Kìíní ń tún ìtàn kan náà sọ ní orí kọkànlélógún, lẹ́yìn ìgbèkùn Bábílónì, ó ní Sátánì ni ó tì í. Ìbéèrè líle mìíràn nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ rí i pé òye àwọn ènìyàn Ọlọ́run nípa ibi tí ibi ti ń wá jinlẹ̀ sí i bí ìgbà ti ń lọ.

Nígbà tí a dé Májẹ̀mú Titun, èdè Gíríìkì pè é ní abanijẹ́, òpùrọ́ tí ń fẹ̀sùn kan ènìyàn. Kò tún jẹ́ ìránṣẹ́ tí ń gba àṣẹ mọ́. Ọ̀tá tí ń bá ìjọba Ọlọ́run jà ni.

Ẹ wá gbé méjèèjì lé orí ìwọ̀n. Bí a bá fi Èṣù wé alátakò inú ìwé Jóòbù, ẹni tí ń rìn káàkiri tí ń yẹ ìwà ènìyàn wò, ìjọra wà. Bí a bá fi í wé ọ̀tá inú Májẹ̀mú Titun, ìjọra náà já. Crowther kò fi ojú lásán yan ọ̀rọ̀ náà, ó ṣe tán, kò sí orúkọ kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ó bá abanijẹ́ yẹn mu pátápátá, nítorí pé èrò pé ẹnìkan lè máa bá Olódùmarè jagun ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ó lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí ó ti wà, gẹ́gẹ́ bí ó ti fi Sátánì sílẹ̀ ní ibi púpọ̀ nínú ìwé kan náà. Pé kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ibi, àdánù ni. Ó dín ẹrù kù fún oníwàásù, ṣùgbọ́n ó di ẹrù ìtìjú lé orí àwọn ọmọ tí kò tí ì dáyé.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò fèsì pé ọ̀rọ̀ a máa yí padà. Ó ní láti ọdún tí Bíbélì ti parí ní 1884, Èṣù ti di Sátánì ní ẹnu wa, ó ti tán. Òtítọ́ kan wà nínú èyí. Ní ilẹ̀ Gíríìkì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún àwọn ẹ̀mí, ìbáà ṣe rere ìbáà ṣe búburú, ni ó di ẹ̀mí èṣù lásán lẹ́nu àwọn Kristiani. Nítorí náà, èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ fi bírò pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ nínú Bíbélì rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ kan lè ní ilé méjì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ fi ìtumọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ìdájọ́ ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ lórúkọ kí ìtumọ̀ yẹn tó wọ ilẹ̀ wa. Èṣùgbayì Elékò ni ó wà lórí ìtẹ́ ọba Èkó láti 1901 títí ìjọba amúnisìn fi yọ ọ́ ní 1925. Ẹjọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì padà sí Èkó ní 1931. Ta ni yóò sọ fún ará Èkó pé orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run ni àwọn òbí ọba náà fi pe ọmọ wọn?

Níkẹyìn, ẹ jẹ́ kí Bíbélì fúnra rẹ̀ dá ọmọ wa lóhùn. Ẹ ṣí ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí Crowther kọ́kọ́ gbé jáde. Ní orí kẹrìndínlógún, Pọ́ọ̀lù ń kí àwọn onígbàgbọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹsẹ kẹrìnlá ó kí arákùnrin kan tí ń jẹ́ Hermes. Ta ni Hermes ní ilẹ̀ Gíríìkì? Òrìṣà ni: oníṣẹ́ àwọn òrìṣà, olùtọ́jú àwọn arìnrìn-àjò, ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ tí wọ́n ń gbé òkúta rẹ̀ kalẹ̀ sí ojú ọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà ilé. Ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tí ó jọ. Orúkọ òrìṣà yẹn ni Kristiani yìí ń jẹ́, Pọ́ọ̀lù kò sì ní kí ó yí i padà. Ó kí i ni. Apollo tí ó jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú Ìwé Mímọ́ ń kọ́, orúkọ òrìṣà ni ó ti ìdí tirẹ̀ wá. Epafroditu tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nítorí iṣẹ́ Kristi ń kọ́, orúkọ òrìṣà obìnrin wà nínú tirẹ̀.

Nínú orí kan náà, ní ogúnjọ́ ẹsẹ, ẹsẹ mẹ́fà péré sí ibi tí ó ti kí Hermes, Pọ́ọ̀lù ṣèlérí pé Ọlọ́run yóò tẹ Sátánì mọ́lẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn láìpẹ́. Ẹ ṣe àkíyèsí èyí dáadáa. Pọ́ọ̀lù mọ ọ̀tá, kò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wá ọ̀tá náà nínú orúkọ tí baba Hermes sọ ọ́. Ó ti sọ ibi tí ọ̀tá wà ṣáájú: lọ́dọ̀ àwọn tí ń dá ìyapa sílẹ̀, tí ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tan aláìlẹ́bi jẹ.

Ohun tí mo rò pé olùkọ́ lè wí fún ọmọ náà nìyí: “Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára. Ẹni tí ó dán Jésù wò kì í ṣe ẹni tí baba ńlá rẹ ń bọ ní oríta. Ògbufọ̀ ni ó fi orúkọ kan pe méjèèjì, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún ọ. O jẹ́ Kristiani, nítorí náà o kò ní bọ Èṣù, bí Hermes inú Bíbélì kò ti bọ Hermes ti àwọn Gíríìkì mọ́. Ṣùgbọ́n baba rẹ kò bí ọ fún ọ̀tá Ọlọ́run. Bí o bá fẹ́ pa orúkọ náà mọ́, pa á mọ́ láìtijú. Bí o bá sì fẹ́ yí i padà, kí ìwọ àti baba rẹ jókòó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Má ṣe yí i padà nítorí pé ẹnìkan dẹ́rù bà ọ́.”

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ọ̀tọ̀-Ìjànìkín àti níbi gbogbo, ìbéèrè yìí kọ́ wa ní bí a ti ń dáhùn àwọn yòókù. Kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ohun tí Ìwé Mímọ́ sọ ni ó ń da ọmọ láàmú, tàbí ọ̀rọ̀ tí ògbufọ̀ yàn láti fi sọ ọ́. Kí á kà á títí dé òpin orí kí á tó sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún bá ṣe àṣìṣe, kí á sọ ọ́ láìbú u; iṣẹ́ Crowther tóbi púpọ̀, àwa tí ó fi àtùpà lé lọ́wọ́ ni a fi ń rí ibi tí àtùpà náà kò tàn dé. Kí á má sì gbàgbé pé lẹ́yìn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́, baba kan lè wà nílé tí ó ń dúró kí ó mọ̀ bóyá ọmọ òun ṣì ń jẹ́ orúkọ òun.